Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá Bọ́lá gba ìwé

Kúbwà, Àbújá

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ ní Bọ́lá ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, àti pé ẹnìkan fẹ́ bá a gba ìwé ìyọ̀ǹda pé kò ní ṣe àgùnbánirọ̀, torí pé ó ti pé ọdún 31. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá onítọ̀hún dúró.

Ṣé ẹ rántí Kẹ́mi Adéọ̀ṣun, tó ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìṣúná lọ́dọ̀ yín l'Ógùn kó tó di mínísítà ní 2015? Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ka ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, ọmọ ọdún 22 ni nígbà tó gboyè ní 1989. Ní oṣù Keje 2018 ni ìwé ìròyìn Premium Times tú u síta pé ayédèrú ni ìwé ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló tú àṣírí: oṣù Kẹsàn-án 2009 ni wọ́n kọ sí i, bẹ́ẹ̀ ọ̀gá NYSC (àjọ tó ń bójú tó àgùnbánirọ̀) tí wọ́n ní ó fọwọ́ sí i ti kúrò nípò láti oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ọjọ́ orí ni wọ́n tún fi ṣe àwáwí. Ọjọ́ orí ìgbà tí èèyàn gboyè sì ni òfin ń wò, kì í ṣe ti ìgbà tó wọ̀lú! Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án, ó ní àwọn tí òun fọkàn tán ló bá òun gbà á.

Ohun tó ń dùn mí ni pé kò tiẹ̀ nílò ìwé yẹn. Ní 2021, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábùjá níbí dájọ́ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni nígbà tó gboyè, òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1979 kò sì gbà á láyè láti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà mọ́ ọn. Àgùnbánirọ̀ kò kàn án.

Ìdájọ́ yẹn ò lè gba Bọ́lá o. Òfin ìpìlẹ̀ ti 1999 gbà kó ní ìwé ìrìnnà méjèèjì, ọmọ ọdún 26 ló sì jẹ́ nígbà tó parí yunifásítì. Ó gbọ́dọ̀ sìn. Kí òun fúnra rẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì kó ojúlówó ìwé dání: ìwé ẹ̀rí yunifásítì, èsì ìdánwò tó fi wọlé, ìwé ìrìnnà, torí wọ́n á ní kó wá fi hàn lójúkojú. Ẹ bá mi wò ó bóyá “Bọ́láńlé” ló wà lórí gbogbo wọn; bí ọ̀kan bá pè é ní “Bọ́lá” lásán, kó tètè béèrè lọ́wọ́ NYSC ohun tó yẹ kó ṣe.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní àgọ́, ìyókù ọdún náà níbi iṣẹ́. Kúbwà níbí ni àgọ́ ti Àbújá wà. Bí wọ́n bá gbé e wá síbí, kó wá sùn lọ́dọ̀ wa kí ó tó wọlé.

Àbúrò yín,
Ṣẹ́gun