Ìtanràn ₦800 kò lè ra búrẹ́dì kan

Sí Olóòtú,

Inú ló bí mi tí mo fi mú bírò lónìí, ẹ má bínú bí ohùn mi bá le. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo sin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan níbí n'Íbàdàn. Ilé búrẹ́dì kan lọmọ náà ti ń ṣiṣẹ́, ₦45,000 lóṣù. Ní òru ọjọ́ kan, iná lọ, ilé ṣókùnkùn, kí wọ́n tó rí tọ́ọ̀ṣì, búrẹ́dì ti dúdú nínú ààrò. Nígbà tí oṣù parí, ọ̀gá wọn já ojú ewé kan nínú ìwé kíkọ, ó kọ ọ́ sí i pé: “Búrẹ́dì jóná 14, ₦16,800.” Ó ka ₦28,200 lé e lọ́wọ́. Ọmọ béèrè pé kí lòun ṣe, wọ́n ní kó má padà wá lọ́jọ́ kejì.

Lọ́yà ṣí ìwé òfin àpapọ̀ ti 2004, ó kà á fún wa. Òfin ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ nínú owó òṣìṣẹ́ torí ohun tó bàjẹ́, àfi tí òṣìṣẹ́ bá dìídì bà á jẹ́ tàbí tó ṣàìbìkítà, tí ọ́fíìsì léébà ti ìjọba sì ti fọwọ́ sí i lórí ìwé ṣáájú. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ní, “Ẹ ò rí i, a jàre!” Lọ́yà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ n kà á tán.” Ìtanràn ẹni tó bá rú òfin yẹn kò gbọdọ̀ ju ₦800 lọ. Bó bá tún un ṣe, ₦1,500.

Ẹgbẹ̀rin náírà! Ọ̀kan péré nínú búrẹ́dì mẹ́rìnlá yẹn, ₦1,200 ni wọ́n kà á sí fún ọmọ wa. Lọ́yà ní a lè pẹjọ́ kí wọ́n dá owó ọmọ padà, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àti owó ìwé nìkan yóò ti jẹ ẹ́ tán kí adájọ́ tó jókòó.

Mo ń kọ́ni nígbà tí owó Údójì dé, ìyẹn owó tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́. Owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba tó kéré jù di ₦60, ìyẹn ₦720 lọ́dún, rédíò ni mo fi tèmi rà. Lásìkò yẹn, ₦800 ju owó ọdún kan gbáko lọ. Ọ̀gá tí wọ́n bá bu ₦800 lé yóò dọ̀bálẹ̀ bẹ̀bẹ̀. Òfin iṣẹ́ tí lọ́yà kà fún wa, 1974 ni wọ́n ti ṣe é; ìwé ti 2004 kàn kó o jọ pẹ̀lú àwọn òfin mìíràn ni. Òun náà la ṣì ń lò. Náírà ti rọ, òfin jókòó síbi tó wà.

Àwọn tí iṣẹ́ yìí wà lọ́rùn wọn kò ṣàìsí. Láti 1979 ni ìjọba ti fi òfin dá Àjọ Àtúnṣe Òfin sílẹ̀, pé kí wọ́n máa yẹ òfin wò, kí wọ́n yọ èyí tó ti gbó, kí wọ́n sì mú èyí tó díjú rọrùn. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti ń fọmọ fọ́kọ. N kò ní kò sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìmọ̀ràn nìkan ni òfin fún wọn lágbára láti mú wá, kì í ṣe àwọn ló ń sọ ọ́ dòfin. Àwọn tó wà lókè wọn ni mo ń bá wí: ẹ̀yin tí ẹ ń pe àpérò ní hòtẹ́ẹ̀lì Àbújá, tí ẹ ń pín báàgì, tí ẹ ń ya fọ́tò, tí àbọ̀ ìwádìí yóò wá wọ fáìlì, tí eruku yóò sì bò ó. Bó bá jẹ́ owó ìrìn-àjò yín ló wà nínú òfin náà, ṣé ₦800 ni ẹ máa fi sílẹ̀?

Ẹ má sì sọ pé kí ìpínlẹ̀ tún un ṣe. Èkó kọ òfin ọ̀daràn tirẹ̀ tuntun ní 2011, wọn kò dúró de Àbújá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé e fún.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹ má kọ iye náírà kankan sínú òfin mọ́. Ẹ kọ ọ́ pé “owó oṣù tó kéré jù, lọ́nà méjìlá.” Ní 2011 tó jẹ́ ₦18,000, ìtanràn ì bá ti jẹ́ ₦216,000. Ní 2019 tó di ₦30,000, yóò di ₦360,000. Láti 2024 tó ti di ₦70,000, ₦840,000 ni ọ̀gá búrẹ́dì yẹn ì bá máa wò lójú. Kò sí ẹni tó máa pe àpérò, kò sí ẹni tó máa dìbò. Ọjọ́ tí wọ́n bá fowó kún owó oṣù ni ìtanràn náà ń gòkè fúnra rẹ̀. Ọsirélíà ń ṣe irú ẹ̀: ẹyọ ni òfin wọn ń kà, wọ́n á sì máa sún iye owó ẹyọ kan sókè bí ọjà ṣe ń wọ́n. Ní Jámánì, owó tó ń wọlé fún ẹlẹ́ṣẹ̀ lóòjọ́ ni kóòtù fi ń ṣírò ìtanràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìtanràn ló wà nínú òfin wa tí gbólóhùn kan ṣoṣo yìí lè jí dìde, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́ nìkan.

Èkejì, kí mínísítà ètò ìdájọ́ máa jẹ́ ilé aṣòfin mọ̀ lọ́dọọdún ohun tó fi àbọ̀ Àjọ Àtúnṣe Òfin ṣe. Wọ́n ti fi òfin mú un lọ́ranyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 2009. Kí wọ́n sì túmọ̀ òfin iṣẹ́ sí Yorùbá.

Ọmọ wa ti wà nídìí àkàrà báyìí ní Àpáta. Ojú ewé “Búrẹ́dì jóná 14” yẹn wà lọ́wọ́ mi. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú àwọn ọ̀gá Àbújá, mo wà nílé.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Àpáta, Ìbàdàn.