Agbada Àkàrà àti Yàrá Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa,

Láti ìgbà tí ẹ ti ń rí alájọ tó ń wọ ọgbà ìjọ wa nírọ̀lẹ́ ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí, àwọn mìíràn lójú mi, àwọn mìíràn lẹ́yìn mi, pé kí ló dé tí a fi sọ ọ́ di dandan fún ìyá tí kò nílé, tí a fi wọ̀ sí ọ̀kan nínú yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, pé kó máa dá 1,000 náírà lójúmọ́. Wọ́n ní ṣé bí a ṣe ń ṣàánú nìyẹn. Ìbéèrè náà tọ́, ó sì yẹ kí n dáhùn rẹ̀ ní gbangba.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá yìí àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta fi ń sùn sórí bẹ́ǹṣì wa kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò ti ká ẹní, yóò sì ti fi etí ìró rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń gbálẹ̀ kò rí nǹkan kan. Nígbà tí àṣírí tú, mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí Èlíṣà béèrè lọ́wọ́ opó inú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí 4: kí ni o ní nínú ilé? Ó ní, "Mo ní agbada tí mo fi ń dín àkàrà, sà, ṣùgbọ́n onílé ti gbẹ́sẹ̀ lé e." Ó jẹ owó ilé, onílé sì ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹrù rẹ̀, agbada tó yẹ kó fi wá owó náà sì wà lára ẹrù ọ̀hún. Kí a tó fún un ní kọ́kọ́rọ́ yàrá, Ẹgbẹ́ Ìyá ti lọ bẹ onílé, wọ́n san díẹ̀ nínú gbèsè náà, wọ́n sì gbé agbada náà bọ̀.

Èlíṣà kò kó opó yẹn lọ sí ilé ara rẹ̀. Ó ní kó lọ ta òróró, kó san gbèsè, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sì máa jẹ ìyókù. Nínú orí kan náà ni obìnrin ará Ṣúnémù ti kọ́ yàrá kékeré fún wòlíì, tó gbé ibùsùn, tábìlì, àga àti ọ̀pá fìtílà síbẹ̀. Yàrá yìí ni àwa oníwàásù fẹ́ràn láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù, bóyá nítorí pé wòlíì ló ń sùn níbẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Ká ní 300,000 náírà ni yàrá kan lọ́dún. Àjẹ́ǹtì yóò gba ìdá mẹ́wàá, lọ́yà yóò gba ìdá mẹ́wàá, ó di 360,000 kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó kọ́ṣọ̀n, ìyẹn owó tí onílé ń dì mú nítorí ohun tó bá lè bàjẹ́ nínú ilé. Òfin ilé gbígbé tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 kò gba onílé láyè láti béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wá ilé rí mọ ohun tó máa ń gbọ́ lẹ́nu àjẹ́ǹtì. Owó alákàrà kì í dé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ojoojúmọ́ ló ń dé, ojoojúmọ́ náà ló sì ń lọ bí kò bá sí ẹni tó ń gbà á pamọ́. Bó bá dá 1,000 lójúmọ́ fún ọdún kan, tí alájọ yọ owó ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tirẹ̀ lóṣooṣù, 353,000 ni yóò kó. Kò tíì pé. Ìdí nìyí tí a fi fún un ní oṣù 18, kì í ṣe 12, kó lè san kọ́ṣọ̀n àti owó ọkọ̀ akẹ́rù, kó sì tún ní owó ẹ̀wà àti òróró lọ́wọ́. Ní Amẹ́ríkà, oṣù 24 ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe gbèdéke fún irú ilé onígbà díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́bọ̀ kan nínú owó àjọ ìyá yìí kò wọ àpò ìjọ.

A ti ṣe é lọ́nà mìíràn rí, kò sì dára. Ìdílé tó kọ́kọ́ gbé inú yàrá náà lo ọdún mẹ́ta, a kò dá ọjọ́ fún wọn, a kò sọ̀rọ̀ owó, ojú ń tì wá láti béèrè. Nígbà tí wọ́n máa lọ, ìjà ni, ọwọ́ òfìfo ni wọ́n sì fi jáde. Ẹ̀bi wa ni, èmi ni mo sì ṣíwájú nínú rẹ̀.

Mo tún gbọ́ pé ẹnìkan ní ọ̀lẹ ni ẹni tí kò nílé. Àwọn àgbà inú ìjọ yìí kò ní gbàgbé oṣù Keje ọdún 1990, nígbà tí ìjọba ológun wó àdúgbò Màrókò ní Èkó, tí nǹkan bí 300,000 ènìyàn di aláìnílé. Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn?

Oṣù 18 ìyá alákàrà yóò pé ní ìparí oṣù yìí, ó sì ti rí yàrá kan. Mo ń wá ẹni tó ní ọkọ̀ tó lè kó ẹrù ní aago méje àárọ̀ Sátidé tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀dì kan, sítóòfù, àpò ẹ̀wà méjì àti agbada ni ẹrù náà. Àwọn ọ̀dọ́ yóò kun yàrá ní ọjọ́ Ajé, nítorí ìdílé mìíràn ti ń dúró.