Sí Àbẹ̀kẹ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ ta ilé

Yába, Oǹdó

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. O ní o ti lẹ bébà mọ́ òpó iná láti Road Block dé Ìjọ̀kà ní Àkúrẹ́ pé o ń ra ilé, àmọ́ kìkì àwọn éjẹ́ǹtì bíi tìrẹ ló ń pè ọ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tí títà ilé bá ká lára ní tòótọ́ kì í dúró nídìí òpó iná ka bébà. Ojú ń tì í. Kò fẹ́ kí àdúgbò gbọ́ pé ilé òun ti wọ ọjà, pàápàá àwọn àna rẹ̀.

Iṣẹ́ tí o ń kọ́ lórí fóònù yẹn yé mi bí o ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún èmi àti bàbá rẹ. Ará Amẹ́ríkà á bá onílé fọwọ́ sí ìwé pé òun á ra ilé ní iye báyìí. Kí ọjọ́ tó pé, á wá ẹlòmíì tó fẹ́ san jù bẹ́ẹ̀ lọ, á fa ìwé náà lé e lọ́wọ́, á mú èrè àárín. Alágbàtà ni. Ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún, àkọsílẹ̀ wà ní gbangba: ẹni tó jẹ owó orí ilé, ẹni tí báńkì fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó jogún ilé ní ìpínlẹ̀ tí kò gbé. Wọ́n á kó orúkọ wọn jọ, wọ́n á kọ lẹ́tà sí wọn. Àkúrẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnu èèyàn lo ti máa gbọ́ tìrẹ, èèyàn kì í sì í tú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àlejò.

Nítorí náà, fi ilé sílẹ̀ ná. Ohun tó ń lé onílé ni kí o máa wá.

Èyí tí mo mọ̀ ni màá sọ, torí ìdí káńtà ṣọ́ọ̀bù irin ni mo máa ń wà. Wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, náírà já, nígbà tó sì fi di oṣù Kejì 2024, àpò sìmẹ́ǹtì kan ti kọjá ₦10,000 ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó ti kọ́lé dé lẹ́ńtẹ̀lì kó tó dìgbà yẹn, owó tó tọ́jú de òrùlé kò ra ìdajì páànù mọ́. Lọ sí Ọ̀bà-Ilé, gba ọ̀nà Ọ̀dà, wo bí koríko ṣe ń hù nínú pálọ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn ló fẹ́ tà o. Ọ̀pọ̀ ló ṣì ń retí kí Ọlọ́run ṣe é. Èyí tó ti sú lò ń wá, èmi sì máa ń dá a mọ̀: òun ni ẹni tó ń dá rọ́ọ̀dù padà. Bàbá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, kó rọ́ọ̀dù tó rà lọ́wọ́ mi padà wá lórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Wáyà tí a fi dì í kò tíì tú, gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà. Bàbá ò ṣàròyé, wọn ò sì wo ojú mi. Wọ́n kàn ní kí n bá àwọn kà á, kí n fún àwọn ní iye tí mo bá rí. Ẹni tó ṣì ní ìrètí ilé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ì bá tò ó sí. Ká ní o wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, wàá ti rí ẹni bá sọ̀rọ̀.

Torí náà, lọ mọ àwọn tó ń ta irin àti páànù ní Àkúrẹ́. Mọ bíríkìlà, mọ wẹ́dà, mọ àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, mọ àwọn kéatékà. Bíríkìlà ló mọ ẹni tó jẹ ẹ́ lówó iṣẹ́ tó wá pa fóònù. Wẹ́dà ló mọ ẹni tó ṣe géètì tí kò wá gbé e. Má kàn fi káàdì lé wọn lọ́wọ́. Kí wọn, ra ọsàn, jókòó, kí o tó béèrè ohunkóhun. Bí ọ̀rọ̀ bá sì bọ́ sí i, fún wọn ní tiwọn kí wọ́n tó béèrè. Ẹni tó bá fi ẹ̀tọ́ bíríkìlà kan dù ú, gbogbo wọn á gbọ́ kó tó dalẹ́. Kó yáa gba Adó-Èkìtì lọ.

Fi ẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú. Ní Ìjàpọ̀ àti Alágbàká, wàá rí ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kọ́ lẹ́yìn tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976. Àwọn tó kọ́ ọ ti darúgbó, àwọn míì ti lọ. Ọmọ wọn wà ní Èkó, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Kánádà, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ padà wá dá gbé yàrá mẹ́fà. Ibi tí o bá ti rí àgádágodo tó dípẹtà, tí bílì iná kún ẹnu géètì, tí ewúrẹ́ ti gba fàráńdà, béèrè ẹni tó ni ín. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lọ́ọ̀ọ́kán á sọ fún ọ ju bí o ṣe fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, má rò pé wọ́n kàn kọ ọ́. Bóyá ẹnìkan ti fẹ́ tà á lẹ́yìn àwọn yòókù. Máa kọjá lọ.

Ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bà mí fún ọ. Ẹni tí nǹkan ń lé pọ̀. Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti tà ni kò pọ̀. Bí ọmọ ẹbí kan bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà. Bí olórí ẹbí bá sì dá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé mọ̀, wọ́n lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Ká wá ní bàbá kú láìṣe ìwé ìhágún, tó fi ìyàwó mẹ́ta sílẹ̀: wọ́n á kọ́kọ́ jà lórí bóyá ìdí-igi ni àwọn yóò fi pín in, kí ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀. Ọmọ tó pè ọ́ láàárọ̀ pé òun fẹ́ tà kíákíá, bóyá ìpín kan nínú mẹ́sàn-án ló ní. Béèrè ìwé tí ilé ẹjọ́ gíga fún wọn láti ṣe àkóso dúkìá olóògbé. Bí kò bá sí, àánú wọn lè ṣe ọ́, àmọ́ má fọwọ́ sí nǹkan kan. Ilé tó ní C of O, ìyẹn ìwé àṣẹ lílo ilẹ̀ tí ìjọba fún onílé, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà rẹ̀. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ló sọ bẹ́ẹ̀. Má sì jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe agbẹjọ́rò kọ ìwé kankan fún ọ nítorí pé owó tirẹ̀ kò pọ̀.

Nígbà tí o bá wá bá onílé jókòó, má dárúkọ iye. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ fẹ́ fi owó náà ṣe?" Kí o wá dákẹ́. Bí wọ́n bá ní àwọn kàn fẹ́ mọ iye tó lè pa ni, dúpẹ́, gba nọ́ńbà wọn, kí o máa lọ. Wọn ò tíì ṣe tán. Bí ó bá jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ ni, tàbí físà ti jáde, tàbí wọ́n fi ìwé ilé dúró gba owó tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé, ìgbà náà lo máa mọ ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé. Ọjọ́ yẹn ṣe pàtàkì ju iye lọ. Ẹlòmíì kò tilẹ̀ wá owó kíákíá, ayálégbé tí kò sanwó ló ti sú u; bí o bá lè rí ẹni tó máa rà á tayálégbé-tayálégbé, ó ti parí. Lẹ́yìn náà, béèrè pé, "Ta la tún gbọ́dọ̀ bá sọ ọ́?" Ìdáhùn wọn á jẹ́ kí o mọ̀ bóyá kí o padà wá.

Ní ti iye, ọ̀pọ̀ wọn ní Amẹ́ríkà ń fi ìdá 70 nínú 100 ṣírò. Ilé tó máa pa ₦40 mílíọ̀nù bí wọ́n bá tún un ṣe tán, tí àtúnṣe rẹ̀ á gba ₦6 mílíọ̀nù, wọ́n á mú ìdá 70 rẹ̀, ₦28 mílíọ̀nù, wọ́n á yọ owó àtúnṣe kúrò, wọn ò ní rà á ju ₦22 mílíọ̀nù lọ. Ìṣirò náà dáa, ṣùgbọ́n lọ́hùn-ún wọ́n mọ iye tí ilé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pa. Ìwọ, lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó rà, má béèrè lọ́wọ́ éjẹ́ǹtì. Kí o sì sọ fún onílé látìbẹ̀rẹ̀ pé alágbàtà ni ọ́, pé ẹlòmíì ló máa sanwó. Ní Oklahoma, wọ́n ṣòfin ní 2021 pé ẹni tó bá ń polówó ìwé tó bá onílé fọwọ́ sí fáráyé gbọ́dọ̀ gba láísẹ́ńsì, orúkọ tí wọ́n sì pe àwọn oníṣẹ́ náà nínú òfin ọ̀hún kò dùn ún gbọ́.

Má lọ bá ẹni tó wà lórí ibùsùn ọsibítù, má sì lọ bá opó tó ṣì wà nínú aṣọ ọ̀fọ̀. Mo mọ̀ pé owó gbàǹjo ni wọ́n máa ń tà á. Ìdí tí mo fi sọ pé kí o má lọ nìyẹn. Bí àwọn fúnra wọn bá wá ọ wá, ní kí wọ́n mú ọmọ tàbí ẹ̀gbọ́n kan dání.

Ilé Ọ̀bà-Ilé tí o sọ, èyí tí onílé rẹ̀ wà ní Kánádà, ya fọ́tò rẹ̀ bí o bá ń bọ̀ ní Sátidé. Má ya géètì. Lẹ́ńtẹ̀lì ni kí o yà, àti orí òpó níbi tí rọ́ọ̀dù ti yọ síta, kí n wo bí òjò ṣe jẹ ẹ́ tó kí o tó dá iye lé àtúnṣe. Bàbá rẹ ní kí o má gbàgbé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn, ti ibí ti wọ́n jù.

Èmi ni,
Ìyá rẹ