Ẹ Kọ Orúkọ Àwa Ayálégbé Sínú Ìwé Àdúgbò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Lẹ́tà ẹnìkan tí ẹ gbé jáde láìpẹ́ yìí ló mú mi gbé bírò. Ó ní àáró, ìyẹn kí aládùúgbò máa bá ara wọn ṣiṣẹ́ ní àjùmọ̀ṣe, tí Lísàbí akọni fi kó Ẹ̀gbá jọ, ti kú ní Abẹ́òkúta, pé kálukú ti ti géètì mọ́rí, aládùúgbò ò mọ aládùúgbò mọ́. Òótọ́ ni pé a ń ti géètì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní àáró ti kú, kò sí ní àdúgbò wa ní Ọbáńtókò nígbà kòrónà ni.

Aránṣọ ni mí, ayálégbé sì ni mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìkejì yẹn sọ́kàn, torí ìwé orúkọ ará àdúgbò ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Kòrónà ò jìnnà sí àwa ará Ògùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ará Ìtàlì tí wọ́n kọ́kọ́ bá a lára rẹ̀ ní Nàìjíríà lópin oṣù kejì ọdún 2020, Ewékorò ló bá iṣẹ́ wá, ojú ọ̀nà Èkó tí gbogbo wa ń gbà kọjá. Nígbà tí Ààrẹ Buhari kéde kónílé-ó-gbélé fún Èkó, Ògùn àti Àbújá lópin oṣù kẹta, gómìnà wa tọrọ ọjọ́ díẹ̀ sí i kí aráàlú lè ra oúnjẹ sílé. Ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ni tiwa tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó lówó ló rí ọjọ́ díẹ̀ yẹn lò. Ẹni tó jẹ́ pé ohun tó bá rán lónìí ló máa jẹ lálẹ́, kí ló fẹ́ rà pamọ́? Gbogbo aṣọ ọdún Àjíǹde tí mo ti gé sílẹ̀ ló kú sórí tábìlì, nítorí kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹnikẹ́ni máa wọ̀ ọ́ lọ.

Alájọ ló kọ́kọ́ gbà wá. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń bú alájọ, ẹ gbọ́ o. Obìnrin yìí kò dúró kí oṣù parí. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn láti ojúlé dé ojúlé, ó ń kó owó tí kálukú ti dá fún un padà, kò sì yọ owó ọjọ́ kan tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó yá a lé e lórí, ó ní bí ìlú bá ṣí kó máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Owó yìí làwọn obìnrin kan pa pọ̀. Ìjọba ń ṣí ìlú lọ́jọ́ kan sí èkejì fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà, bó bá ti di ọjọ́ ìṣílùú, ẹni méjì a bọ́ sí ọ̀nà Ọ̀dẹ̀dá lọ ra gàrí àti láfún ní àpò lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe é. Bí wọ́n bá dé, wọn a fi kóńgò wọ̀n ọ́n fún wa ní iye tí wọ́n rà á, wọn kò lé kọ́bọ̀ lé e. Ìrẹsì lè gbówó lórí bó ṣe wù ú. Ẹ̀gbá tó bá ti ní láfún àti ewédú nílé ò tíì rí ebi.

Wọ́n ń sọ lórí rédíò pé kí a máa fọwọ́ lábẹ́ omi tó ń sàn. Omi wo ló ń sàn? Onílé kan tó ní omi ẹ̀rọ lu ògiri rẹ̀, ó na páìpù síta kí gbogbo ojúlé lè máa pọn. Àwọn ọmọdé to òkúta sílẹ̀ láti fi hàn ibi tí kálukú máa dúró. Èmi ní tèmi ń rán ìbòmú. Aláró kan ní Ìtòkú tí ọjà rẹ̀ ti dákẹ́ fi àjákù àdìrẹ ránṣẹ́ sí mi, mo pa á pọ̀ mọ́ èékù àǹkárá tó wà nílẹ̀. Àwọn àgbàlagbà gba tiwọn lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó kù sanwó, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Bí a ṣe ń gbọ́ ara wa ló yà mí lẹ́nu jù. Àwọn tó ní fóònù tó dára wà lórí WhatsApp, wọ́n sì ń fi àgbo oríṣiríṣi da ibẹ̀ rú. Àwọn ìyá àgbà ò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí ló ń bá wọn sọ̀rọ̀. Bí Lèmọ́ọ̀mù bá ti pèrun tán, tó ní kí kálukú kírun nílé rẹ̀, á wá kéde: omi ti dé, gàrí ti dé, ọmọ lágbájá bímọ sí ojúlé báyìí, ẹ má lọ kí i o, ẹ fi owó ránṣẹ́. Lọ́jọ́ Àjíǹde, inú ẹ̀rọ yẹn náà làwa ọmọlẹ́yìn Jésù ti gbọ́ "ẹ kú ọdún". Nígbà tí Ràmàdáànì dé lópin oṣù kẹrin, tí kò sí àṣámù, ìrun alẹ́ Ràmàdáànì, ní mọ́ṣáláṣí, àwa náà ń gbé ọbẹ̀ lọ sílé wọn nírọ̀lẹ́.

Àsìkò Àjíǹde yẹn náà ni ariwo sọ láti Àgbádó, Ìfọ̀ àti Sàngó pé àwọn ọmọ Awawa, ẹgbẹ́ ọmọ ìta kan, ń bọ̀ wá jà wá lólè. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ àhesọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ dúró wò ó? Àwọn ọkùnrin bọ́ síta lóru, wọ́n dáná sun táyà, onílé àti ayálégbé, títí kan àwọn ọmọ Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ tí ọ̀nà ti dí mọ́. Wọn ò rí olè kankan. Ohun tí wọ́n rí ni ara wọn. Bàbá onílé kan bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó tì í pé, "Ìwọ ọmọ yìí, níbo lò ń gbé?" Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ilé yín ni, sà. Yàrá ẹ̀yìn." Ajẹ́ńtì ló ń gba owó ilé, Bàbá ò rí i rí.

Ọ̀rọ̀ ìwé wá jáde nígbà tí oúnjẹ ìrànwọ́ dé. Orúkọ onílé ni wọ́n fi pín in: ilé kan, ìpín kan. Ilé tó jẹ́ tọkọtaya méjì péré ló wà ńbẹ̀ gba ọ̀kan, fééṣì-mí-n-fééṣì-ẹ tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé gba ọ̀kan. Ìjà tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, n kò ní kọ ọ́ síbí. Lọ́jọ́ kejì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò ra ìwé elewé ọgọ́ta, ó ń kan ilẹ̀kùn láti yàrá dé yàrá. Ó kọ orúkọ, nọ́ńbà fóònù, ẹni tó dàgbà, ẹni tó lóyún, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹni tí ó ń dá gbé. Ìgbà yẹn la rí bàbá kan tí oògùn rẹ̀ ti tán, tí kò sì mọ ẹni tó lè rán. Ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gbé inú ilé yẹn.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dáa o. Alákàrà kan tó ṣàìsàn, tó sì gbádùn, fún ìgbà pípẹ́ ni wọn kò fi ra àkàrà rẹ̀. Kòrónà ti kúrò lára rẹ̀, kò kúrò lẹ́nu aráyé.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì mọ́. Ó jọ pé àwọn kan ní àdúgbò wa rò pé ìwé yẹn ló parí. Akọ̀wé ti kó lọ síbòmíràn, ìwé náà wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnìkan, ìpàdé sì ti padà di ti àwọn onílé nìkan. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni pé ayálégbé kì í pẹ́ kó tó kó lọ. Ṣùgbọ́n bó bá di owó taransífọ́mà tàbí owó ọdẹ, wọ́n mọ ilẹ̀kùn wa dáadáa.

Ní Ìkìjà tàbí Ìtòkú, agboolé wà, olórí ẹbí wà. Bí ẹnìkan ò bá jáde láàárọ̀, wọ́n á béèrè rẹ̀. Ní Ọbáńtókò, ibi tí kálukú ti wá láti ibi tó yàtọ̀, ìwé yẹn nìkan la ní. Ìlú tí Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn ní 1859, kí ló lè ṣòro nínú kí a máa kọ orúkọ ara wa sílẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ àdúgbò gbogbo fún kò pọ̀. Kí ayálégbé máa wà ní ìpàdé, kí wọ́n sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Kí wọ́n máa tún ìwé náà kọ lọ́dọọdún, pàápàá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, torí onígbáméjì kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá onílé ni. Kí ojú ewé tí wọ́n kọ àìsàn èèyàn sí sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan tó lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Àwọn míì kò fẹ́ kọ orúkọ wọn nítorí alákàrà yẹn.

Bí àdúgbò kan bá wà ní Àṣẹ́rọ̀, ní Adátán tàbí níbikíbi tó ṣì ń tọ́jú ìwé tirẹ̀, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n kọ̀wé sí yín, kí a lè mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan,
Ọbáńtókò, Abẹ́òkúta.