Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá, bẹ́ẹ̀ náà ni dìgírì

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n dá sí àríyànjiyàn tó ń lọ lórí ẹ̀kọ́ ìṣirò àti iyì dìgírì yunifásítì olórúkọ. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ibi tí orúkọ bá ti tóbi ni ìmọ̀ ìṣirò pọ̀ sí. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, n kò sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ bi ẹni tó gboyè léèrè ìdí tí −3 lọ́nà −4 fi jẹ́ 12. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé jìnnà pé, “Òfin rẹ̀ nìyẹn.” Bẹ́ẹ̀ àlàyé rẹ̀ kò le. Tí a bá ro 4 àti −4 pọ̀, òdo ni. −3 lọ́nà òdo, òdo náà ni. Torí náà, −3 lọ́nà 4, ìyẹn −12, àti −3 lọ́nà −4 gbọ́dọ̀ di òdo tí a bá ro wọ́n pọ̀. Kí la máa ro mọ́ −12 kó tó di òdo? 12 ni. Ọmọ tí wọ́n fi sùúrù mú débẹ̀ ti mọ̀ pé ìṣirò nídìí, pé kì í ṣe àṣẹ tí ẹnì kan kàn pa. Olùkọ́ ló ń ṣe èyí, ibi yòówù kó wà.

MIT, yunifásítì olórúkọ ńlá kan ní Amẹ́ríkà, fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀kọ́ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2002. Tó bá jẹ́ inú ẹ̀kọ́ náà ni iyì wà, gbogbo wa ì bá ti pín níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣà wọlé. Tí wọ́n bá wá ṣe dáadáa, a ó ní ilé ẹ̀kọ́ ló ṣe é. Lóòótọ́, ó dára kéèyàn wà láàárín ẹgbẹ́ tó já fáfá, n kò jiyàn ìyẹn.

George Boole, ọmọ aránbàtà, kò gba dìgírì kankan ní yunifásítì kó tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò ní Queen's College, ìlú Cork ní orílẹ̀-èdè Ireland, ní 1849. Orí ìṣirò tó gbé kalẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́ lé títí dòní. Irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, mo mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó gbà á síṣẹ́ wo ohun tó mọ̀.

Ohun tí mo ń bẹ àwọn agbanisíṣẹ́ nìyẹn. Ẹ fún olùwáṣẹ́ ní ìbéèrè tí kò rí rí, kí ẹ wo bó ṣe ń ronú, kí ẹ tó yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wò. Ẹ̀yin òbí náà, kí ẹ tó torí orúkọ jẹ gbèsè, ẹ béèrè ẹni tó ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní ní ìṣirò, iye ọmọ tó wà ní kíláàsì, àti bóyá ẹnikẹ́ni máa ń yẹ iṣẹ́ ọmọ wò ní ìlà dé ìlà láti fi ibi tó ti ṣìnà hàn án.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan