Lẹ́tà sí ọmọ mi tí ó fẹ́ padà sídìí ìṣirò

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Mo ti rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé o fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò WAEC ti àwọn tí kò sí ní iléèwé mọ́, èyí tí gbogbo wa ń pè ní GCE, nítorí pé ìṣirò nìkan ni ó kù kí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì tó lè gbà ọ́. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà pé o kò ní ọpọlọ ìṣirò láti kékeré. N kò gbà bẹ́ẹ̀ rárá.

Nígbà tí oníbàárà tí ìbàdí rẹ̀ jẹ́ 33 íǹṣì bá ní kí o rán síkẹ́ẹ̀tì tí ó fẹ̀ yípo fún òun, o máa ń fi 6.28 pín 33 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá rẹ ti kọ́ ọ, o ó rí nǹkan bíi 5¼ íǹṣì, o ó ká aṣọ náà sí mẹ́rin, o ó wọ̀n ọ́n láti igun tí ó ká pọ̀, o ó sì gé e. Ìlọ́po méjì 3.14 ni 6.28 yẹn; 3.14 yìí sì ni iye tí ìwé iléèwé máa ń fi 22/7 ṣojú fún, tí o sì máa ń sá fún. Bí ìdánwò bá fún ọ ní ìwọ̀n etí ohun kan tí ó rí roboto, tí ó ní kí o wá ìwọ̀n láti àárín rẹ̀ dé etí, ohun tí ó ń béèrè kò yàtọ̀ sí ohun tí ò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù.

Ní tèmi, mo mọ ibi tí ìṣirò ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọdún tí iṣẹ́ bàbá rẹ gbé wa kúrò ní Iléṣà wá sí Ìbàdàn, o wà ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iléèwé tí o ti kúrò kò tíì dé orí ìdá, èyí tí o wọ̀ sì ti kọ́ ọ kọjá. Bí a bá ní kí o ro 2/3 pọ̀ mọ́ 1/4, ìwọ yóò ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó fi hàn ọ́ pé a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ méjèèjì di ìdá méjìlá, kí 8/12 àti 3/12 tó lè para pọ̀ di 11/12. Nígbà tí o dé girama, wọ́n kọ x/3 + x/4 = 7 sójú pátákó, o sì rò pé lẹ́tà x ni ó ń dẹ́rù bà ọ́. Kì í ṣe òun. Méjìlá yẹn náà ni wọ́n ń wá: 7x/12 = 7, x sì jẹ́ 12.

Nítorí náà, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti inú ìwé SS3. Ra ìwé kíláàsì karùn-ún, irú èyí tí ọmọ rẹ ń lò, kí o sì ṣe orí ìdá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fi ọwọ́ bo ìdáhùn tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, kí o ṣe tìrẹ sórí ìwé kí o tó ṣí i wò, nítorí pé ẹni tí ó kàn ń ka iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ti ṣe máa ń rò pé ó ti yé òun. Lẹ́yìn ìdá, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ó tẹ̀ lé e, kí o tó kan áljíbrà.

Wá olùkọ́ tí yóò gbà kí o dá òun dúró. Ní kíláàsì, ojú máa ń tì ọ́ láti sọ pé kò yé ọ. Ní báyìí, owó rẹ ni o fi ń san iṣẹ́ rẹ̀, béèrè ohun kan náà títí yóò fi yé ọ. Àwọn tí ń ṣèlérí pé àwọn mọ ibùdó ìdánwò tí wọ́n ti ń sọ ìdáhùn fúnni, má ṣe dá wọn lóhùn. Ìwọ ni yóò ṣírò oògùn fún aláìsàn lọ́jọ́ iwájú.

Ìwé kejì nínú ìdánwò náà gba wákàtí méjì àti ààbọ̀. Ìbéèrè márùn-ún ni ó pọn dandan, 40 máàkì. Lẹ́yìn náà, o ó mú márùn-ún nínú mẹ́jọ, 60 máàkì. C6, ìyẹn kírẹ́díìtì tí ó kéré jù, sì tó fún ohun tí ò ń wá. Bí ìbéèrè kan nínú mẹ́jọ yẹn bá ṣì le jù fún ọ, o lè fi í sílẹ̀.

Nígbà tí o bá ń bọ̀ wá sílé, mú ìwé tí o fi ń ṣiṣẹ́ dání. Má ṣe ya ojú ewé tí o ti ṣì í kúrò, àwọn gan-an ni mo fẹ́ kí a jọ jókòó tì.

Èmi ni ìyá rẹ tòótọ́.