Ìbàdí mi ṣì wà lórí ìlà

Leeds, ọjọ́ Àìkú

Ṣadé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni? Màmá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Lọ́jọ́ tí o pè, tí o bi mí pé ṣé wọ́n ti ya àwòrán ìbàdí mi, ẹ̀rín ni mo fi dá ọ lóhùn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù.

Oṣù Kejì ni mo ti lọ bá GP, ìyẹn dọ́kítà àdúgbò wa. Ìrora náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé itan, ìka ẹsẹ̀ mi sì máa ń kú tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èèyàn kì í ṣàdédé lọ ya MRI, ìyẹn àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ olóòfà ńlá yà, níbí o. Wọ́n kọ́kọ́ ní kí n máa na ẹ̀yìn lórí ẹní fún ọ̀sẹ̀ 6, bóyá á lọ. Kò lọ. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kọ̀wé pé kí n lọ yà á, ìdúró sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí NHS, ìyẹn ètò ìlera ìjọba, fi ṣe òṣùwọ̀n nílẹ̀ England ni pé irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ. Tèmi di ọ̀sẹ̀ 11. Wọ́n tiẹ̀ ti dájọ́ fún mi tẹ́lẹ̀, àfi bí wọ́n ṣe pè láàárọ̀ ọjọ́ náà pé ẹ̀rọ ti dẹnu kọlẹ̀. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo lè lo ìdajì wákàtí nínú ẹ̀rọ náà, ẹni tí wọ́n bá sì fura sí jẹjẹrẹ lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣíwájú mi. Mi ò bá onítọ̀hún jà.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ: "Ká ní Ìbàdàn lo wà ni, wàá ti sanwó, wọn á yà á lọ́jọ́ kan náà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n rántí ìgbà tí Bàbá ṣubú ní balùwẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko la fi ń pe ẹ̀gbọ́n, tí à ń pe àbúrò, kí owó síkáànì tó pé. Ìyẹn náà ìdúró ni, kò kàn sẹ́ni tó kà á ni.

Nígbà tó kàn mí, obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ bi mí bóyá irin kankan wà lára mi. Mo ní rárá. Ó wo orí mi. Ṣadé, mo ti gbàgbé àwọn òrùka wẹ́wẹ́ tí onídìrí fi ṣe irun mi lọ́ṣọ̀ọ́! Èmi àti òyìnbó yìí wá ń tú u lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo 17, òun ń wo aago, èmi ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí mo wọnú ihò ẹ̀rọ náà, ariwo rẹ̀ dà bí ẹni ń gún iyán létí mi. Wọ́n fi bọ́ọ̀lù rọ́bà kan sí mi lọ́wọ́ pé kí n tẹ̀ ẹ́ bí ẹ̀rù bá bà mí. Mo dì í mú bí ọmọdé ṣe ń di ìró ìyá rẹ̀ mú lọ́jà.

Ọ̀sẹ̀ 3 rèé, èsì ò tíì dé. Àwọn dọ́kítà tó ń ka àwòrán ò pọ̀ tó iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, àwòrán mi náà ti lọ tò sórí ìlà tirẹ̀. Bí ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, jọ̀ọ́, ní kí wọ́n bá mi mú òrí dání, irú èyí tí Ìyá Alágbo ń tà, kì í ṣe ti inú ike aláràbarà yẹn. Òun ni mo fi ń ra ìbàdí kí n tó sùn.

Èmi ni,
Bísí